Ọkùnrin Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ohùn Dókítà Ògúnjìnmí ni Òpéléngé kọ́kọ́ gbọ́, ó sì pẹ́ gan-an kó tó rí ojú ẹ̀. Raliat lorúkọ tí wọ́n sọ Òpéléngé, àmọ́ àbúrò ọkọ mi ni, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Òpéléngé ni mo ń pè é, torí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọdún 1976 ni. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kó jókòó sílé wa ní Alẹ́kúwodò, Òṣogbo, kó máa ṣe é. Àwọn dókítà á sọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sínú kásẹ́ẹ̀tì, dírẹ́bà á gbé e wá, Òpéléngé á máa gbọ́ ọ nínú rẹ́kọ́dà, á sì máa fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ síwèé. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀. Iléṣà ni ti Dókítà Ògúnjìnmí ti ń wá.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló bú sí. "Ìyàwó wa, sáré wá! Ọkùnrin yìí ń jẹ ẹ̀pà!"

Òótọ́ ni. Láàárín ikọ́ ẹnìkan àti ibà ẹlòmíràn, dókítà ń rún ẹ̀pà wọ́mú-wọ́mú.

Nígbà tí Òpéléngé ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó sọ̀rọ̀ sí ìparí ẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa jẹ ẹ̀pà tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé e dé: "Ẹ má bínú. Mo ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin tí ohùn yín dùn báyìí, kí lorúkọ yín?"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Tó bá ti ròyìn àìsàn tán, á bèèrè àlàáfíà ẹ̀, á sọ fún un pé òjò ti pa òun. Kò pẹ́ tí "olólùfẹ́ mi" fi dọ́rọ̀ ẹnu wọn. Tí dírẹ́bà bá pẹ́ dé, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun Òpéléngé.

Bàbá Sàláúdéènì, bàbá ọkọ mi, fìlà ni wọ́n ń rán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ni wọ́n bá gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú yàrá ọmọ wọn: "Adúmáadán mi, mo fẹ́ràn rẹ."

"Ta nìyẹn? Jáde!"

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ dákẹ́. Ìyẹn ló bí Bàbá nínú jù. Wọ́n já wọlé, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣí àpótí aṣọ, kó tó yé wọn pé inú rẹ́kọ́dà lọkùnrin wà. Mo ti sá sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín.

"Ojoojúmọ́ ló ń wọlé mi, kò kí mi rí! Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ògúnjìnmí, Bàbá."

"Ògún kẹ̀? Nínú ilé tí a ti ń kírun?"

Ìyá wa, ìyá ọkọ mi, dá sí i láti ìdí ààrò: "Ìyá tó bí yín ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọlọ́ṣun ni?"

Bàbá ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. "Ṣé ó lè gbọ́ mi nínú nǹkan yìí?"

"Tí mo bá tẹ ibí, Bàbá."

"Tẹ̀ ẹ́! Ìwọ ọmọkùnrin, fẹsẹ̀ ara ẹ wá, kí o fẹnu ara ẹ tọrọ ọmọ mi. Tí o ò bá lè ṣe é, iṣẹ́ yìí parí, ìwọ náà parí níbí."

Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì fún dírẹ́bà, wọ́n gbé rẹ́kọ́dà wọ yàrá wọn. Òpéléngé sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ Àìkú, Dókítà dé pẹ̀lú ìyá ẹ̀ láti Ọ̀tan-Ilé, iṣu rẹpẹtẹ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ga, ó dúdú, ó ń làágùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"A ń gbọ́ ẹ," ni Bàbá wí.

Háà! Ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọkùnrin tó ń rojọ́ ìfẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì, kò lè wí "ẹ kúulé."

"Ọma mi, sọ̀rọ̀!" Ìyá ẹ̀ kọjú sí wa. "Ẹ má bínú. Láti kékeré ni. Tójú bá ti pọ̀, ẹnu ẹ̀ á wọlẹ̀."

Bàbá ti dìde, wọ́n ń wá bàtà. Àmọ́ Òpéléngé ti sáré wọ yàrá Bàbá, ó gbé rẹ́kọ́dà jáde láìtọrọ àyè. Ó yí àga Dókítà kọjú sí ògiri, ó gbé ẹ̀rọ náà lé e lẹ́sẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Dókítà, iṣẹ́ yá."

Dókítà wúkọ́. Ohùn tí a mọ̀ sì jáde.

"Ọkùnrin ni aláìsàn yìí, ọmọ Ọ̀tan-Ilé. Kì í sùn dáadáa. Oúnjẹ ò wù ú. Tí ọkọ̀ bá ti Òṣogbo dé, àyà ẹ̀ á máa lù kìkì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí oògùn ẹ̀ ní Iléṣà. Raliat ọmọ Sàláúdéènì nìkan ló lè wò ó sàn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ ṣàánú aláìsàn."

Bàbá rọra sún mọ́ rẹ́kọ́dà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n pariwo sí i bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò:

"Ṣé wàá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ò ní jẹ́ kó kábàámọ̀?"

"Láéláé, sà."

"Ó dáa. Kọjú sí mi."

Ó yíjú padà. Omi ti kún ojú ẹ̀.

"Mo fún ẹ lọ́mọ mi."

Dókítà wo Bàbá, ó wo gbogbo wa, ó wá wo Òpéléngé. Ó gbé rẹ́kọ́dà sílẹ̀, ó la ẹnu lójú gbogbo wa.

"Raliat," ló wí.

Òpéléngé kúnlẹ̀ níbi tó wà. "Mo wà níbí," ló dá a lóhùn.