Ògiri Àárín Ilé Ìbejì

Ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò pupa ló dúró nídìí sítóòfù Edmund Garside, tó ń gbé omi tíì kaná, nígbà tí Edmund sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ọmọbìnrin náà rẹwà débi pé Edmund gbàgbé pé ilé òun ni òun wà. Ọmọbìnrin bi í pé ta ló jẹ́ kó wọlé. Edmund, tójú ń tì, bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹ gbọ́ ná, nínú ilé ara rẹ̀!

Rosalind Thwaite lorúkọ rẹ̀. Ilé kejì tó fara ti ti Edmund ni àǹtí rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀ fún un, ó kàn ṣi ilé wọ̀ ni. N ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó kọ́ ilé méjèèjì láyé ọjọ́un fi òrùlé kan bò wọ́n, ó fi ògiri kan ṣoṣo pín wọn, ó sì ṣe iwájú wọn kó lè dà bí ilé olówó kan. Bí àtẹ̀gùn bá wà lápá ọ̀tún níbí, apá òsì ló wà lọ́hùn-ún. Àwa tá a dàgbà nílùú Shrewsbury níbí gan-an máa ń ṣì í.

Wọ́n jọ mu tíì yẹn. Láti ọjọ́ náà ni Edmund ti ń pè é ní olè tíì òun, tí wọ́n á sì dúró sídìí ọgbà tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Rosalind a máa tẹ dùùrù nírọ̀lẹ́. Ìgbà tó yá, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì, gbì, gbì. Bó bá ń tẹ dùùrù, ògiri á máa dún. Bó bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Lọ́dọ̀ wa, bí aládùúgbò bá ń lu ògiri, ó ń sọ pé ariwo ẹ ti tó gẹ́ẹ́ ni. A kì í sì í béèrè. Rosalind pa dùùrù dé, ó sunkún. Bó bá pàdé Edmund, á kí i ṣókí, á wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà rú Edmund lójú pátápátá. Ṣé ó ti rí ẹlòmíì ni? Ṣé òun ló sọ̀rọ̀ kan tí kò dáa? Òun náà ò béèrè. Irú ojútì wo nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó rí pátákó níwájú ilé Rosalind pé wọ́n fẹ́ tà á. Ó sáré lọ kan ilẹ̀kùn, èérún sìmẹ́ǹtì ṣì wà nírun rẹ̀.

“Rosalind, kí ni mo ṣe?”

“O máa ń lu ògiri tí mo bá ti ń tẹ dùùrù.”

Edmund gbọn èérún náà kúrò nírun. Ó wá ṣàlàyé pé ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú òun ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ bíríkì àtijọ́ ara ògiri náà, bíríkì ò rí ibi mí, omi wá ń yọ lára rẹ̀ bí òógùn. Sìmẹ́ǹtì yẹn ni òun ń fi òòlù gbẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀.

“Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá ń tẹ dùùrù lò ń gbẹ́ ẹ?”

Edmund nawọ́ sí ògiri àárín ilé wọn.

“Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ dáadáa jù. Mo kàn ń wá iṣẹ́ tí màá máa ṣe níbẹ̀ ni. Má talé, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ ká fẹ́ra.”

Rosalind ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní òun gbà, ó ní òmùgọ̀ ni Edmund. Ó fà á wọlé, ó sún lórí àga dùùrù kí àyè lè gba ẹni méjì.

“Jókòó,” ló wí. “Ibí ni wọ́n ti ń gbọ́ dùùrù dáadáa jù.”