Ojú Irin Tó Gba River Road

Òjò ló lé Gbádégẹṣin wọ ṣọ́ọ̀bù Wúrà aránṣọ ní River Road ní London lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, ó dé akoto funfun, bàtà rẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín," ni Wúrà wí láì gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Sùtánà ìjọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yìí. Aṣọ funfun kì í gba àwáwí."

Ó bọ́ ọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọjú láti inú ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí onílé. Wúrà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ wà, ẹ̀rọ kì í sì í ṣàwàdà.

"Kí lẹ ń wá nínú òjò?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gọ́tà ló ń wá. Wọ́n fẹ́ fa rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ láti Barking lọ sí Dagenham Dock, iṣẹ́ Gbádégẹṣin sì ni láti ya àwòrán ibi tí omi yóò máa gbà jáde. Iṣẹ́ gidi ni. Bí kò bá sí i, àwọn èrò ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta ń wá nǹkan tí yóò fi bo ìtìjú.

"Èmi ni mò ń fa ojú irin tuntun," ló wí.

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Àwọn kan ń ràn mí lọ́wọ́."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yàrá kan ni Gbádégẹṣin ń gbé ní Barking. Ìrẹsì tó bá sè lọ́jọ́ Àìkú, òun nìkan náà ni yóò jẹ ẹ́ dé Ọjọ́bọ̀. Ó wá di pé tó bá ti ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ Wúrà ló ń lọ mu tíì. "Ààyò mi" ló ń pè é. Wúrà ń pè é ní "Gbádé mi," inú rẹ̀ sì ń dùn tó bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Inú ìyá Wúrà ní Eastbury tiẹ̀ dùn ju ti ọmọ lọ. "Ẹnjiníà ni àna mi," ló ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ. Kí oṣù tó parí, ìjọ ti gbà pé àna Màmá ló ni abẹ́ ilẹ̀ London.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé máàpù jáde. Ọ̀nà méjì ni wọ́n yà, ọ̀kan ni wọn yóò mú níbẹ̀. Ọ̀kan gba River Road, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti la ẹnu ihò rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlà yẹn á di wíwó. Wọ́n pèpàdé pé kí ẹni tó bá lọ́rọ̀ wá sọ ọ́.

"Gbádé, ṣé wọn ò ní wó ibí?" ni Wúrà bi í. "Bọ̀dá Lùkmọ́nù onítáyà ní ká jọ lọ pariwo. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà nínú ilé yìí."

Gbádégẹṣin ò mọ̀. Ta ní í sọ irú ìyẹn fún ẹni tó ń ya gọ́tà?

"Ààyò mi, ta ló ń fà á? Ọwọ́ mi ló wà."

"Búra."

"Ṣé èmi á wá fi ojú irin gba orí ìyàwó mi ni?"

Ọ̀rọ̀ "ìyàwó" yẹn ló parí ẹ̀. Ní ìpàdé, nígbà tí Lùkmọ́nù dìde, Wúrà fa apá aṣọ rẹ̀. "Ẹ jókòó, Bọ̀dá. A ní èèyàn níbẹ̀." Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù bá káwọ́ gbera. Àwọn ará ọ̀nà kejì pariwo títí ohùn wọn fi há. Ojú irin sì yà sọ́dọ̀ àwọn tó dákẹ́.

Lùkmọ́nù ò bú u. Ó kàn bi í pé, "Sístà Wúrà, èèyàn yín dà?" Láti ọjọ́ náà, kò kí i mọ́.

Gbádégẹṣin fara pamọ́. Ọjọ́ tí Wúrà ń kẹ́rù lọ sí Chatham, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ló tó yọjú. Ó bá a gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀.

"Gọ́tà ni mò ń yà," ló wí.

"Mo ti gbọ́."

"Mo rò pé tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, o ò ní fẹ́ mi."

"Gọ́tà kọ́ ló lé mi lọ. Ẹ̀ bá ti sọ pé ẹ ò mọ̀. Ǹ bá lọ pariwo. Ká tiẹ̀ pàdánù rẹ̀, àwa méjèèjì là bá jọ pàdánù rẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí Wúrà ti pè é ní "ẹ" kẹ́yìn. Ọ̀wọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

"Jẹ́ kí n bá ẹ lọ."

"Màmá mi ṣì ń pè yín ní Ẹnjiníà. Ẹ lọ máa bá wọn gbé."

Wúrà pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun fún Gbádégẹṣin ní ọ́fíìsì: gọ́tà River Road. Ó fa ìlà rẹ̀ gún régé, ó gbé e gba àárín ibi tí tábìlì ìgéṣọ Wúrà wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í yọjú wò ó.

"Ṣé o mọ ẹnì kan ládùúgbò yẹn?"

"Rárá," ni Gbádégẹṣin wí. "Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́."