Yìnyín Iwájú Ilé Abibat

"Basit, má fọwọ́ kan ṣọ́bìrì yẹn!"

Abibat fò dìde lórí àga, ó já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Yìnyín ti rọ̀ mọ́jú ní Brandywine, ìlú tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ó bo òrùlé, ó bo ọkọ̀, ó bo títì pátá, ẹsẹ̀ ènìyàn kan kò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Inú Abibat dùn débi pé kò rántí oúnjẹ àárọ̀.

Ìdíje fọ́tò ilé-ìwé wọn ló fà á. Olúkúlùkù yóò ya àdúgbò rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kí àwọn adájọ́ lè rí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà. Abibat ti fẹ́ gbégbá orókè láti ọdún tó kọjá, ó sì ti ya ti àárọ̀ báyìí.

"Ṣùgbọ́n Daddy sọ lórí fóònù pé ká clear iwájú ilé, ká da iyọ̀ sí i kí ilẹ̀ má bàa yọ̀, kí Mummy tó dé láti work," Basit ṣàròyé.

"Tí mo bá ya tọ̀sán tán ni. Iyọ̀ máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́!"

Ọmọ tí kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ló wá fi sẹ́yìn!

Lọ́sàn-án, òòrùn yọ lójijì láàárín ìkùukùu. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀! Yìnyín ń dán yinrinyinrin, òjìji igi sì nà sórí rẹ̀. Abibat gbé kámẹ́rà sójú. Ìgbà náà gan-an ni ìyá rẹ̀ dé, tó páàkì ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ garage!"

Ó ti rẹ ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, ó sì yà síbẹ̀. Kò mọ̀ pé omi tó ń kán láti òrùlé ti dì gbagidi lábẹ́ yìnyín níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Gbì!

"Yéè! Ọwọ́ mi o!"

Abibat kò tẹ kámẹ́rà mọ́. Ó sáré lọ, òun àti Basit gbé ìyá wọn wọlé. A dúpẹ́ pé ọwọ́ náà kò kán, ó rọ́ ni. Nígbà tí wọ́n fi dì í tán, òòrùn ti wọ ìkùukùu lọ, kò sì yọ mọ́.

"Mummy, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á," Abibat sọ pẹ̀lú omijé.

"Ọmọ mi, fọ́tò dáa. Ṣùgbọ́n ara èèyàn ṣáájú fọ́tò. Gbé ṣọ́bìrì, jàre!"

Wọ́n kó yìnyín títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n, wọ́n da iyọ̀, wọ́n tún kó ti iwájú ilé ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, yìnyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wẹ́wẹ́. Iná títì tàn, ó pọ́n bí epo. Àwọn aládùúgbò jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ẹlẹ́wù pupa, ẹlẹ́wù búlúù, wọ́n ń pariwo kí ara wọn lójú ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!

"Basit, wá wò ó! Wá wò ó!" Abibat ń fò sókè bó ṣe ń yà á.

Fọ́tò méjì láìsí ti ọ̀sán kò lè wọ ìdíje, Abibat sì mọ̀ ọ́n. Ó dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí yìnyín bá ti rọ̀, ṣọ́bìrì ló kọ́kọ́ ń gbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò burú kí nǹkan wù wá, àmọ́ kò yẹ kí ẹlòmíràn fara pa nítorí rẹ̀.