Ta Ló Wọ Jíìpù Mi?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi Má-Fòyà, mẹkáníìkì mi. Ó wà láàyè. Ìyá mi náà wà láàyè. Inú ló ń bí mi, orí mi ò dàrú.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ iléèwé ni mò ń rán. Èémí ìyá mi kì í délẹ̀ dáadáa, ilé ìwòsàn sì jìnnà sí wa, òkè gíga kan wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra jíìpù kékeré yẹn. Àlòkù ni, ó sì ti gbó, ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi ló tà á fún mi. Ọkọ àbúrò mi! Ẹni tó ń jẹun nínú ilé mi!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

Kò pẹ́ rárá tí gíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Màá tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Bí a ṣe tún ìyẹn ṣe, omi radiétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí ìyẹn ṣe dákẹ́, ọ́ìlì ń kán sílẹ̀. Tí mo bá sì kó sí kòtò, ẹsẹ̀ iwájú á máa dún bí ẹni ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu pákó. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí mo fẹ́ rà di gíà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi tó ń jò di radiétọ̀.

"Ẹ má fòyà, Àǹtí," ni mẹkáníìkì máa ń wí. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ìgbà tó yá, aago bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ aago náà: bí ẹnìkan bá jókòó níwájú tí kò de bẹ́líìtì, á máa dún. Tín, tín, tín. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀. Mo ti de tèmi. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Ó ń dún. Mo na ọwọ́, mo de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó òfìfo náà. Ó dákẹ́.

Má-Fòyà ní wáyà ló bàjẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún dún. Ni òun náà bá bínú, ó fa wáyà náà yọ pátápátá, ó gbé e sókè kí n lè rí i. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo ibi dákẹ́ rọ́rọ́.

Tín, tín, tín.

A wo ara wa. Kò sọ pé kí n má fòyà.

"Àǹtí," ó wí, "ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn."

Ó ti tẹ̀ sílẹ̀ lápá ibi ìjókòó òfìfo náà.

"Sípíríǹgì tuntun ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi síbẹ̀."

Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jíìpù náà gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá dìde lórí àga. Òórùn aṣọ tí òjò pa kọjá lára wa. Òjò ò sì rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ọkọ̀ náà tún tẹ̀ sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wà á lọ sílé ọkọ àbúrò mi. Ó jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó rí jíìpù. Ẹ̀rín náà parẹ́.

"Kí lo tà fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra."

"Mi ò ní rọra! Ta ló wọ ọkọ̀ mi?"

Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ta ni?"

"Tí kò bá tíì sọ̀rọ̀, ẹ má bá a sọ̀rọ̀."

Ó wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbọ́ ná, èmi ló ti ilẹ̀kùn mọ́!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èémí ìyá mi há. Kò sí ọkọ̀ mìíràn. Mo gbé e sẹ́yìn jíìpù. Bó ṣe jókòó, ó mi orí síwájú.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó wí, ohùn rẹ̀ ò jáde tán.

"Màmá, ta lẹ ń kí?"

"Ẹni tó wà níwájú. Ṣé ìwọ ò kí i ni?"

Mo de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó náà, a gbéra.

Ní àárín òkè, gíà yọ̀. Ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ dúró, ó ń fà sẹ́yìn. Mo fa bírékì ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì kú. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Èémí ìyá mi nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń há, ó ń já.

Ẹ̀rù ló yẹ kó bà mí. Ìbínú ló dé.

"Ìwọ!" Mo kọjú sí ìjókòó náà. "Èmi ra gíà. Èmi ra radiétọ̀. O kàn jókòó síbẹ̀, mò ń gbé ẹ káàkiri bí ọ̀gá. Ìyá mi ń kú lọ lẹ́yìn rẹ! Bọ́ sílẹ̀! Bọ́ sílẹ̀, kí o tì í!"

Bẹ́líìtì tú. Ó rọra ká padà sáyè rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Jíìpù gbéra. Ilẹ̀kùn padé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo tú bírékì.

A gun òkè yẹn láìsí ẹ́ńjìnnì. Mo ń gbọ́ èémí ẹnìkan lẹ́yìn wa, ó wúwo, ó jinlẹ̀. Kì í ṣe ti ìyá mi. Nígbà tí a dórí òkè, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí, gíà wọlé. Mi ò wo dígí ẹ̀yìn.

Àwọn dókítà dá èémí ìyá mi padà. Ọjọ́ tí a ń bọ̀ wálé, bí a ṣe dórí òkè, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Dúró. Jẹ́ kó wọlé."

Mo ṣí ilẹ̀kùn. A dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko. Ọkọ̀ ò tẹ̀. Aago ò dún. Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀.

"Ó ní ká máa lọ."

"Ta ló ní kó pinnu?" Mo pariwo sínú koríko. "Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ná mi! Wọlé!"

Mo ti ilẹ̀kùn, a kọrí sílé.

Láti ìgbà náà, ọ́ìlì ò kán, omi ò hó. Má-Fòyà á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, á sì mi orí. Ọkọ àbúrò mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rà á padà. Mo ní kó lọ jókòó.

Mo ṣì máa ń dúró lórí òkè náà. Mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn. Èémí yẹn máa ń wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó wúwo, bíi ti ẹni tó ń ti nǹkan gun òkè. Kì í sún mọ́ tòsí. Kì í jìnnà sí i.

Jíìpù mi rèé lọ́dọ̀ mi. Kí ló wá ń tì?