Sẹ́lò Tó Ń Ké Nínú Ilé Òfìfo

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù nígbà tí sẹ́lò náà kọ́kọ́ ké.

Détọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ dé ni, ó wà ní ilé ìdáná, ó ń bu ìrẹsì tútù sínú àwo. Òun nìkan ló wà nílé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í ti ọsibítù dé títí di aago méje. Òtútù oṣù kìíní ti fi èémí bo gíláàsì fèrèsé, híítà sì ń fẹ́ fùú láti inú ihò ara ògiri. Nǹkan kan bá kérora nínú yàrá rẹ̀. Ohùn náà wúwo bí ohùn àgbàlagbà, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ó mú ṣíbí ìrẹsì dání bí ẹni mú àdá, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sẹ́lò náà, gòjé ńlá tí a máa ń gbé sí àárín orúnkún méjèèjì tí a sì ń fi ọrun fà, dúró ní igun rẹ̀ lábẹ́ ihò híítà. Ọ̀kan nínú okùn rẹ̀ mẹ́rin ti dẹ̀. Ó ṣì ń gbọ̀n.

Sẹ́lò yẹn kì í ṣe ti Détọ́lá. Bàbá Adéjùmọ̀, alàgbà ìjọ wọn tó ń gbé ní Sachse, ìlú kan nítòsí Dallas, ló fi yá a. Ìyàwó bàbá náà, Ọlábísí, ti fi ta orin fún ogójì ọdún kó tó kú. Détọ́lá fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ní oṣù kẹta, kò sì sí ohun tó lè fi ṣe é. Nígbà tí bàbá gbé e wá sí ilé wọn ní Lake Highlands, ó jókòó, ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan jáde, ó sì fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Má gbé e sún mọ́ híítà. Rọ́bà yìí ní kànìnkànìn nínú. Máa rẹ ẹ́ sómi ní ọjọ́ méjì méjì, fún un, kí o sì fi há inú ikùn sẹ́lò. Igi ni, ọmọ mi. Híítà Dallas yìí a máa mu omi ara igi bí ẹni mu tíì. Tí igi bá gbẹ jù, á súnkì, èèkàn tó di okùn mú á yọ̀, okùn á tú, á sì ké. Tó bá ti ké, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Tí o bá ti ta á tán, dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ó wà nílé yín."

"Ẹ ṣé, Dádì. Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, ó sì sú u. Nítorí náà, nígbà tí ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó mọ ohun tó ń ké. Ṣùgbọ́n ó pe Jessica, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún un.

"Ìyàwó bàbá yẹn ni," ni Jessica wí. "Òkú ló ń ta á. Gbé fóònù kalẹ̀ síbẹ̀, Détọ́lá, ká a sílẹ̀. O ò rí oore ni?"

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, sẹ́lò tún ké, kò sì sí ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Ó fi fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ àdúgbò wọn, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òkú ló ni ohùn yẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti wò ó. Àwọn tí kì í dá a lóhùn nílé-ẹ̀kọ́ wá ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ.

Ọkàn rẹ̀ gún un. Ó rẹ rọ́bà sómi, ó fi há inú sẹ́lò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, sẹ́lò ò fọhùn. Àwọn tó ń wo fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ẹnìkan ní ayédèrú ni.

"O ti fún un lómi mu, ó ti yó, ó ti sùn," ni Jessica wí. "Ta ló máa ń jókòó wo ẹni tó ń sùn?"

Détọ́lá yọ rọ́bà náà, ó jù ú sáàárín àwọn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó tún yí híítà sókè. Ẹ má wo ẹnu mi. Èmi kọ́ ni mo rán an. Ó ti rí i pé bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ igi yẹn tó ni igbe rẹ̀ ń dùn tó.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ wà nílé nígbà tó ké.

"Détọ́lá, ta ló wà nínú yàrá rẹ?"

"Nobody, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó rí okùn tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó mú òróró, ó fi ya àgbélébùú sí àtẹ́rígbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

"Lọ́la ni n ó gbé e padà fún Dádì. Nǹkan tó ń fọhùn láìsí ẹnu, n ò bá a gbé."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ìdánwò mi ńkọ́?"

Ìyá wo ojú ọmọ, àánú ṣe é, ó fi sẹ́lò sílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un pé ẹ̀tẹ̀ wà nílé? Ọmọ náà ń wò ó bó ṣe ń fi ebi lọ síbi iṣẹ́, ó mọ̀ pé ife omi kan ni gbogbo ohun tí sẹ́lò náà ń fẹ́, kò la ẹnu.

Ní Ọjọ́ Ajé, ẹnìkan tí kò ní àwòrán kọ̀wé sábẹ́ fídíò náà. "Ó ké lẹ́ẹ̀mejì lónìí lẹ́yìn tí o jáde."

Détọ́lá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó lọ wo sẹ́lò. Ní àárọ̀, gbogbo okùn rẹ̀ ló le. Báyìí, méjì ti dẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹni náà tún kọ̀wé. "Aṣọ fèrèsé rẹ kò dé ilẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Òótọ́ ni. Àlàfo tó wà lábẹ́ aṣọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àjà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Koríko ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Lára gíláàsì náà, níta, iwájú orí ènìyàn ti fi òógùn sàmì, èémí sì ti gbẹ yí i ká.

"Ó ń fi ọ́ ṣeré ni," ni Jessica wí. "Tí o bá sọ fún Mọ́mì ẹ, wọ́n á gba fóònù. O mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ojú rẹ̀ wo fóònù kò ní ojú mìíràn mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni òtútù pàdé rẹ̀. Sẹ́lò ò ké, híítà ló ń fẹ́ lásán. Fèrèsé yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àpótí ti lọ, ọrun ti lọ. Ó yọjú síta, ó rí sẹ́lò náà tó dojú bolẹ̀ lórí koríko tí yìnyín ti bò. Ó sáré jáde, ó yí i padà. Ikùn rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ ènìyàn lè wọ ibẹ̀. Kì í ṣe olè ló là á. Etí ibi tó là ti gbẹ, eruku ti wọ ọ́. Ó ti là láti ọjọ́ mélòó kan, òun tó ń fi í ṣe fídíò kò sì wò ó rí.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò. "Gbé e padà sínú ilé. N ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ti kú."

Kó tó di àṣálẹ́, ẹni náà ti pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ.

Bàbá Adéjùmọ̀ dé ní Sátidé. Ìyá Détọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. "Dádì, ẹ̀mí kan ló wà nínú ẹ̀. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó máa ń ké bí obìnrin."

Bàbá náà gbé orí sókè. "Bí obìnrin? Ṣé Ọlábísí ni?"

Détọ́lá rí ojú àgbàlagbà náà, ó rí bí ìrètí ṣe tàn níbẹ̀. Ibi ààbò rèé. Kó kàn mi orí ni, ọ̀rọ̀ á di ti òkú, bàbá á sunkún ayọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í ní nǹkan kan mọ́ láyé.

"Rárá, Dádì," ó wí. "Èmi ni. N kò fún un lómi. Mo fẹ́ kó máa ké ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: rọ́bà, híítà, fídíò, ojú tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Détọ́lá. Nítorí ife omi kan."

Bàbá Adéjùmọ̀ fi ìka tọ ojú ibi tó là, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òun," ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkú ló ń ké, ọmọ mi. Ohun tó ń kú lọ ló ń ké, ìwọ ló sì ń ké sí."

Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Mesquite ní òun yóò lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohùn àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Oṣù kẹta dé, wọ́n ṣe ìdánwò, Détọ́lá sì jókòó sílé nítorí kò ní ohun tí yóò ta.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n yá yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ ju tiyín lọ, ẹ má sì pàtẹ ẹrù ilé yín fún ojú tí ẹ kò mọ̀. Bí nǹkan bá ń ké lọ́wọ́ yín, ẹ má pe àwọn ènìyàn wá wòran. Ẹ dìde, ẹ bu omi.