Ọ̀rá Aláwọ̀ Ewé Orí Ẹ̀rọ Òtútù

Ó ṣojú mi kòró. Ọ̀sán gangan ni, ní yàrá ìwádìí wa ní ìlú Hsinchu, mo sì ti jẹun yó, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òòyì ebi ló ń kọ́ mi.

Òkúta kan ni ẹ̀gbọ́n wa Kai-ling ń wádìí, kò tó hóró iyọ̀. Iná mànàmáná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ara rẹ̀ lóde ló ń gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá há a sáàárín dáyámọ́ńdì méjì, tí a fún un pinpin, tí a sì mú un tutù, ó yẹ kí iná máa sáré nínú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ kankan, kí nọ́ńbà ìdíwọ́ lójú ẹ̀rọ ìwọ̀n di òdo. Kò tíì di òdo rí. Ọ̀la sì ni àwọn olùdánwò ń bọ̀. Láìsí òdo, kò sí oyè ọ̀mọ̀wé fún Kai-ling.

Ìpápánu àgbàdo wà lórí ẹ̀rọ òtútù tó ń mú òkúta náà tutù, nínú ọ̀rá aláwọ̀ ewé, kí ẹ̀rọ lè máa gbọ́ràn. Àṣà ìlú wa ni, gbogbo wa là ń ṣe é. A kì í já a. Ọ̀gá wa, Prọ̀fẹ́sọ̀ Tseng, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, já a, ó bù ú sẹ́nu.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Kai-ling wí. “Ẹ̀rọ ló ni ín.”

“Ẹ̀rọ ò léyín.” Nǹkan kan ró kàù lẹ́nu ọ̀gá. “Eléyìí mà le o.” Ó gbé e mì.

Ẹ̀rọ òtútù dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

“Ẹ ti pa mí, ọ̀gá,” ni Kai-ling wí.

Ẹ̀rù bà mí. Bí òtútù bá lọ, nọ́ńbà ló yẹ kó gòkè. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó di òdo. Mo fọwọ́ kan irin tó di àwọn dáyámọ́ńdì náà mú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òdo síbẹ̀.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kai-ling ò jó, ó ní ká tú irin náà wò. A tú u. Dáyámọ́ńdì méjèèjì mọ́ tónítóní. Òkúta ò sí níbẹ̀.

“Ibo ló gbà?” ni Kai-ling béèrè.

Ọ̀gá rántí ohun líle tó gbé mì, ó dẹ́kun ijó. Ó sáré lọ ra ọ̀rá ìpápánu tuntun, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e lé ẹ̀rọ, ó tẹrí ba. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Nǹkan kan sì ró nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni ò tíì já. Kàù.

“Àbúrò, gbé sísọ́ọ̀sì wá,” ni Kai-ling wí fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá já a ńkọ́?”

“Tí n ò bá já a, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n lọ́la?”

Ó fi sísọ́ọ̀sì kan etí ọ̀rá. Ẹ̀rọ dákẹ́.

“Yéè,” ni ọ̀gá wí, ó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. “Rọra o, ọmọ mi.”

Kai-ling wo ikùn ọ̀gá. Ó wo ọ̀rá. Kò gbé sísọ́ọ̀sì náà kúrò.