Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Àpò ìrẹsì ló wà lórí ọ̀kadà Husain lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó ń gbé e bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ihunbo lẹ́bàá bọ́dà, àmọ́ èmi ló ń wò dípò ọ̀nà. Ló bá fi táyà tẹ garawa omi mi fọ́.

"Ṣé ojú ẹ ò ríran ni?" mo pariwo mọ́ ọn.

"Ó ríran, arẹwà. Ohun tó rí ló kó bá mi."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Mo bínú títí, mo bá rẹ́rìn-ín.

Kí ọdún tó yípo, àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá tọrọ mi. Bàbá mi ò tíì dáhùn, ó ṣì ń wádìí ìdílé wọn bí a ṣe máa ń ṣe níbí: ṣé kò sí olè níbẹ̀, ṣé kò sí wèrè?

Ni ìjọba bá ti bọ́dà pa. Husain ní ebi ò mọ bọ́dà, ó gba ọ̀nà inú igbó, ọ̀kadà wó lù ú, itan rẹ̀ kán. Bó ṣe di èrò ọsibítù ní Ìlaròó nìyẹn.

Ó rẹ̀ mí, kí n má parọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé abọ́ oúnjẹ wọ mọ́tò, tí àwọn sójà ojú ọ̀nà á tún ní kí n ṣí i, àfi bí ẹni pé àpò ìrẹsì wà nínú ọbẹ̀ ilá.

Egungun ń so pọ̀, àmọ́ Husain fúnra rẹ̀ ń lọ. Ògiri ló kọjú sí. Mo ṣàwàdà, kò rẹ́rìn-ín. Mo pè é ní àyànfẹ́, ó ní, "Jẹ̀mílátù, ó ti sú mi."

"Kí ló sú ẹ?"

"Gbogbo ẹ̀."

Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè, ìyá rẹ̀ á yára fèsì: "Ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó fi ń tọrọ àlàáfíà." Nọ́ọ̀sì á ṣe àmín, á kọjá. Ta ló fẹ́ dá ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run dúró?

Èmi náà gbà á gbọ́, àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun. Mo bu omi fún un kó fi ṣínu. Ó kọ̀ ọ́.

"Màmá, irú ààwẹ̀ wo lèyí?"

Ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún. "Bí wọ́n bá pè é ní àìsàn ọpọlọ, ṣé bàbá ẹ á tún fi ọ́ fún un? Bò mí láṣìírí, ọmọ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀rù sì bà mí, torí òótọ́ ló sọ. Bí mo bá lanu, ìgbéyàwó lè bàjẹ́. Bí mo bá dákẹ́, Husain lè kú.

Lọ́jọ́ kejì tí bàbá mi wá kí i, iwájú rẹ̀ ni mo ti pe dókítà. "Kò gba ààwẹ̀ kankan o. Ó fẹ́ kú ni!"

Dókítà ò bínú. Ó ní àìsàn ara máa ń kó bá ọkàn náà, ọkàn sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ó ní òun á ránṣẹ́ pe dókítà ọpọlọ. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ "ọpọlọ", ó dé fìlà, ó jáde.

"Tẹ̀lé bàbá ẹ, ayọ̀ mi," Husain sọ fún ògiri. "Mo ti bàjẹ́."

"Máa wí. Ṣáà lanu."

Mo fi ṣíbí ògì sí i létè. Ó gbé e mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Tèmi náà ń bọ́.

Látìgbà náà, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Husain ń lo oògùn, ó ń bá dókítà ọpọlọ náà sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé irú ọbẹ̀ wo ni mo sè. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó ń fi igi rìn, ó ṣì ń padà lọ rí dókítà.

Lówùrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí sínú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa.

"Jẹ̀mílátù, dókítà Husain yẹn… ṣé ó ń wo àgbàlagbà? Mi ò rí oorun sùn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ó máa ń wù mí kó má mọ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a wọ mọ́tò lọ Ìlaròó.

A bá Husain lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà. Ó fẹ́ dìde kó dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ ò jẹ́. Ìtìjú mú àwọn méjèèjì. Bàbá mi wo ilẹ̀ títí, kó tó ṣí fìlà.

"Àna mi," ó ní, "sún díẹ̀, kí n ríbi jókòó."